Koríko Dèjì

Mo ti jowú rí láyé mi. Mo jowú àbúrò mi nítorí bàtà ọdún. Mo jowú tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi n'Íbàdàn nígbà tí wọ́n fi ṣe igbákejì ọ̀gá ilé ìwé, tí wọ́n sì fi èmi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún máa jowú nítorí koríko, Amẹ́ríkà ni mo ti kọ́ ìyẹn. Koríko náà kì í tilẹ̀ ṣe ti òyìnbó. Ti Dèjì ni, ọmọ tó sùn lórí àga gbọọrọ inú pálọ̀ mi fún oṣù mẹ́jọ.

Kí n tó débi ti Dèjì, ẹ jẹ́ kí n sọ bí koríko ṣe kọ́kọ́ dójú tì mí.

Nílé ìyá mi, iwájú ilé kì í ní koríko. Ìdájí ni ìyá mi máa ń gbá a. Ojú ìgbálẹ̀ á hàn lórí iyẹ̀pẹ̀ fínnífínní, inú á sì máa bí i sí ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Koríko tó bá yọjú lónìí, a ó ti fà á tu kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Lójú wa, ilé tí koríko bá hù níwájú rẹ̀, onílé ti kú ni, tàbí kó jẹ́ pé àwọn ọmọ inú ilé náà kò gbẹ̀kọ́. Nítorí náà, lọ́sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé, tí mo jókòó nínú bọ́ọ̀sì tó ń gba títì Route 1 kọjá ní àdúgbò Riverdale Park, tí mo rí koríko níwájú ilé kan, tí mo rí i níwájú èkejì, tí mo rí i níwájú ẹ̀kẹwàá, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé àwọn èèyàn yìí mà ya ọ̀lẹ o.

Ọdún kẹsàn-án tí mo ti wà níbí ni èmi àti ìyàwó mi ra ilé kékeré kan ní Lanham. Ìgbà òtútù la kó wọlé, yìnyín bo gbogbo ilẹ̀. Nígbà tí yìnyín yọ́ tán, ohun tí mo bá lábẹ́ rẹ̀ kò dùn ún wò. Koríko tó ti gbẹ, tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó sùn lé ara wọn lórí. Mo ní ẹni tó ta ilé fún wa fi ìdọ̀tí rẹ̀ sílẹ̀ dè mí. Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹta, mo ra ọkọ́ ọlọ́wọ́ gígùn, mo wọ síwẹ́tà méjì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, mo ro gbogbo ẹ̀ kanlẹ̀. Mo kó o sínú àpò dúdú mọ́kànlá. Mo lọ ra ìgbálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará ilé wa, mo gbá ilẹ̀ náà títí ojú ìgbálẹ̀ fi hàn. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá mi, ó sì gbàdúrà fún mi gan-an.

Mo dúró níbẹ̀, ọwọ́ níbàdí, nígbà tí Mísì Loretta jáde. Ará ilé kejì wa ni, obìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ó ti ń gbé ibẹ̀ kí n tó wọ ilé ìwé girama. Ó gbé ife kọfí dání. Ó wo ilẹ̀, ó wò mí, ó sì bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bá ọlọ́fọ̀ sọ̀rọ̀, pé ta ló ṣe irú èyí sí wa.

Mo ní èmi ni, mo sì rẹ́rìn-ín.

Ó ní koríko yẹn kò kú. Ó ní ó ń sùn ni. Bí oòrùn oṣù Kẹrin bá ti kàn án, á jí, á sì tutù yọ̀yọ̀. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó lè yé mi: sùn ló ń sùn.

Láti ọdún yẹn ni iwájú ilé mi ti dà bí orí tí làpálàpá jẹ. Ibí yìí hù, ọ̀hún kò hù. Bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ á ṣàn lọ sẹ́nu ọ̀nà Mísì Loretta, màá sì fi ṣọ́bìrì gbé e kúrò pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n bẹ Dèjì kó bá wa ṣe é. Mi ò bẹ̀ ẹ́.

Ìyá Dèjì àti ìyá mi jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin Mẹ́tọ́díìsì n'Íbàdàn. Nígbà tí Dèjì máa wá, èmi ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Mo lọ pàdé rẹ̀, mo gbé e wá sí yàrá kan àti pálọ̀ tí a háyà nígbà yẹn ní Riverdale Park. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì, èmi ni mo sọ fún un pé ìbọ̀sẹ̀ méjì lèèyàn ń wọ̀ ní oṣù Kìíní. Mo mú un lọ síbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, wọ́n sì gbà á. A jọ ń wẹ̀ fún àwọn baba tí wọ́n gbàgbé orúkọ ọmọ wọn. Ọ̀kan nínú wọn kì í jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kan òun àfi èmi, ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ “ẹ káàárọ̀” lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sọ ọ́, mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún ayọ̀. Dèjì nìkan ni mo lè sọ fún tó máa yé.

Lọ́dún kejì rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ kú. Ìwé rẹ̀ kò tíì jáde, kò lè lọ. Inú pálọ̀ mi ló ti wo ìsìnkú ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ìyá mi ló gbé fọ́tò olóògbé dání létí sàréè dípò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pe ìyá mi ní Màmá, tí kò sì jẹ́ kí Sunday kan kọjá láì pè é.

Ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọsibítù ńlá gbà á. Ọjọ́ mẹ́ta gbọọrọ ló ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, ó wá fi èyí tó kù tọ́jú ilé tó rà ní Mitchellville. Mitchellville yẹn, ẹ ò ní rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀. Gáréèjì kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn méjì. Bẹ́ẹ̀lì ẹnu ọ̀nà ní ojú kékeré tó ń tàn búlúù, tó ń wo àlejò kí onílé tó wò ó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gáréèjì tàbí bẹ́ẹ̀lì ló mú mi. Koríko yẹn ni. Ó tutù, ó nípọn, ó gùn dọ́gba láti ẹnu ọ̀nà títí dé etí títì. Lọ́jọ́ tí a lọ ya ilé náà sí mímọ́, pásítọ̀ ní kí n gbàdúrà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n onílé. Mo gbà á dáadáa. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí. Nígbà tí à ń lọ sílé, ìyàwó mi ní, “Dádì, ẹ ò mà sọ̀rọ̀.” Mo ní mo ń wakọ̀.

Mo ti rò ó títí. Òyìnbó tó ń gbé ilé alájà mẹ́ta, mi ò rí tirẹ̀ rò, ayé tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tí mo mọ ìgbà tí kò ní ju àpótí kan lọ, tí mo mọ irú ìṣasùn tó jó mọ́ ọn lọ́wọ́, òun lọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ta mí bí ata ojú. Bí òun bá ti dé ibẹ̀, kí wá ni èmi ń ṣe láti ọjọ́ yìí? Ẹni tó fi ọ̀nà han èèyàn kì í fẹ́ kí onítọ̀hún kọjá òun lọ lójú ọ̀nà náà. Kò dára, mo mọ̀ pé kò dára. Bó ṣe rí nínú mi ni mo sọ yẹn.

Ní ìparí oṣù Kẹta tó kọjá ni ìyá mi pè. Wọ́n ti fún un ní físà. Ìparí oṣù Karùn-ún ló máa dé, ọjọ́ ìbí rẹ̀ karùndínlọ́gọ́rin á sì bá a lọ́dọ̀ wa nínú oṣù Kẹfà. Mo fò sókè ní kíṣìnì. Ó ní kí n dákẹ́ kí òun sọ̀rọ̀.

“Àlàó, Dèjì fi fídíò ilé rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Rọ́gì wo ló tẹ́ síta yẹn?”

“Màmá, kì í ṣe rọ́gì. Koríko ni.”

“Koríko kẹ̀? Kúrò níbẹ̀. Èmi tí mo fi ojú mi méjèèjì rí i. Rọ́gì aláwọ̀ ewé ni, ó tẹ́ ẹ dé ìta. Òjò kì í wá pa á ni?”

“Màmá...”

“Ṣó o rí i, ibẹ̀ ni mo fẹ́ jókòó sí lọ́jọ́ ìbí mi. Kí wọ́n yà mí ní fọ́tò lórí ẹ̀ kí n fi han àwọn ẹgbẹ́ mi. Mo ti sọ fún Dèjì, ó ní kò burú.”

Mo ní ó dáa, Màmá. Fóònù kú, mo ṣì dì í mú. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ akínyẹmí ara. Èmi ni àkọ́bí rẹ̀. Èmi ni mo kọ ìwé ìpè tí wọ́n fi fún un ní físà. Ó ń bọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, iwájú ilé ọmọ ẹlòmíì ló ti fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí. Mo jáde, mo wo ilẹ̀ làpálàpá mi. Mo búra pé bí Màmá bá fi máa dé, iwájú ilé tèmi á tutù débi pé òun fúnra rẹ̀ ló máa yí ọkàn padà.

Ó ku oṣù méjì gbáko.

Bí ẹni pé Dèjì gbọ́ ohun tó wà nínú mi, òun náà pè lọ́jọ́ kejì. “Bọ̀ọ̀dá, Saturday yìí mi ò sí ní work. Mo fẹ́ háyà ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dá ilẹ̀ lu, kí èémí lè dé ìdí koríko. Tí mo bá ti lò ó tán, màá gbé e wá sọ́dọ̀ yín. Kó tó di summer, ẹ máa rí i, á ti dáa.”

“Má ṣèyọnu. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe.”

“Mo mọ̀, bọ̀ọ̀dá. Ẹ ṣáà má da nǹkan pọ̀ o. Timing ló wà ńbẹ̀.”

“Dèjì, ṣé ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ilẹ̀? Àgbẹ̀ ni bàbá mi o.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má bínú.

Àgbà tó kọ ìrànlọ́wọ́ ní gbangba, ẹ wá wo ohun tó ṣe ní kọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, a jẹun nílé Dèjì lẹ́yìn ìsìn. Mo ní mo fẹ́ lọ tọ̀, mo yà sínú gáréèjì. Mo rí àpò méjì tó ti ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n ya àwòrán koríko tó ń hù sára ọ̀kan. Wọ́n ya èpò sára èkejì, wọ́n fi ìlà pupa gún un nídìí. Mo yọ fóònù, mo ya àwọn méjèèjì bí olè. Lọ́jọ́ Monday mo ra méjèèjì.

Mo ṣiṣẹ́ o, kí n má parọ́. Mo fi réèkì fa gbogbo koríko gbígbẹ kúrò títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi lé. Mo tú ilẹ̀. Mo da àpò kìíní, mo da èkejì lé e lórí. Mo ń bomi rin ín kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo ń bomi rin ín tí mo bá dé. Ọjọ́ mẹ́wàá kọjá, kò sí nǹkan kan. Mo kúnlẹ̀, mo fi gíláàsì ojú mi sún mọ́lẹ̀. Èèrà ni mo rí.

Ní ilé Dèjì ńkọ́? Nígbà òtútù, atẹ́gùn ńlá kan ti wó igi níwájú ilé rẹ̀. Wọ́n gé e, wọ́n hú kùkùté rẹ̀, ilẹ̀ tó ṣófo tó fẹ̀ tó pálọ̀ wá kù sí àárín koríko rẹ̀. Kí n má purọ́, inú mi dùn díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àṣé ilé ọba tó jó ni, ẹwà ló bù sí i. Ìmọ́lẹ̀ wá wọ ilé rẹ̀ rekete. Nínú oṣù Kẹrin, ó fọ́n irúgbìn sí ojú ilẹ̀ náà, ibi iṣẹ́ rẹ̀ sì ní kó lọ gba ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì ní Texas. Kò tíì gbéyàwó. Ọ̀dọ̀ mi ló wá.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin nìkan ni mo lè bẹ̀. Morning, evening. Omi díẹ̀díẹ̀ ni. Tó bá ti hù, kò gbọdọ̀ gbẹ o. Tó bá fi lè gbẹ pẹ́nrẹ́n, ó parí nìyẹn.”

Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, mo ṣe é bó ṣe wí. Láti Lanham lọ sí Mitchellville kò jìnnà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, mo rí i. Ó ti yọ. Ó tín-ín-rín bí irun orí ọmọ tuntun, ó bo gbogbo ojú ilẹ̀ náà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. Ó múlọ́. Mo bomi rin ín, mo wakọ̀ lọ sílé, mo sì dúró níwájú ilẹ̀ tèmi tí kò hu ewé kan ṣoṣo.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún, mo páàkì sétí títì níwájú ilé Dèjì. Mi ò sọ̀ kalẹ̀. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo ń wo koríko kékeré yẹn. Oòrùn ti mú gan-an lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ ti funfun. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Rọ́bà omi wà níbẹ̀, kò tó ogún ìṣísẹ̀. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ náà lé èṣù lórí, èṣù kọ́ ló wakọ̀. Mo jowú ni. Mo fẹ́ kó kú. Mo fẹ́ kí iwájú ilé Dèjì ní àbààwọ́n kan, kí Màmá wò ó, kó má rí rọ́gì. Mo yí sítíàrìn, mo lọ sílé.

Mo tún lọ lọ́jọ́ kẹfà, mo tún jókòó, mo tún padà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún odindi ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀. Ẹ lè bi mí pé kí ni mo wá ń lọ ṣe níbẹ̀. Mo ń lọ kí n lè sọ pé mo ń lọ ni. Nígbà tó fi máa di ìparí ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti pọ́n, atẹ́gùn sì ti gbá púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ.

Dèjì dé. Ó pè mí.

“Bọ̀ọ̀dá, ó gbẹ.”

“Mo bu omi sí i o. Oòrùn ọ̀sẹ̀ yẹn ló pọ̀ jù.”

“Ẹ ṣeun, bọ̀ọ̀dá. Ẹ kú wàhálà.”

Mo rò pé inú mi á dùn, ṣebí ohun tí mo fẹ́ ni mo rí. Inú mi kò dùn. Owú náà ṣì wà níbi tó wà, ìtìjú wá bá a jókòó.

Lọ́jọ́ Sátidé kejì nínú oṣù Karùn-ún, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan dúró níwájú ilé mi. Dèjì ló wà á. Koríko tútù ló kó sẹ́yìn rẹ̀, èyí tí wọ́n gé tòun ti èèpẹ̀, tí wọ́n wá ká jọ bí ẹní. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kí mi, ojú rẹ̀ sì lọ síbi àpò òfìfo tí mo tì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó gbé e, ó kà á, ó wo ilẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ da eléyìí mọ́ irúgbìn ni?”

“Kí ló dé?”

Ó fi ìdí jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Èyí tí kì í jẹ́ kí nǹkan hù nìyí! Nítorí èpò ni wọ́n ṣe ń dà á. Kò mọ irúgbìn yàtọ̀ sí èpò, gbogbo ẹ̀ ló máa dí lọ́wọ́. Ibi tí koríko àtijọ́ wà ni mo dà á sí ní tèmi. Àní kí ẹ ti bi mí, bọ̀ọ̀dá!”

Báwo ni mo ṣe fẹ́ bi í? Kí n ní mo rí i ní gáréèjì rẹ̀ nígbà tí mo lọ tọ̀?

Ó bọ́ kóòtù. Ó ní kí n mú ṣọ́bìrì. A gbẹ́ èèpẹ̀ òkè tí mo ti bà jẹ́ kúrò, a da tuntun sí i, a wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ koríko náà lọ́kọ̀ọ̀kan, àwa méjèèjì lórí eékún, èjìká wa ń kan ara wọn.

“Dèjì, ṣé kì í ṣe ilé rẹ lo ra ìwọ̀nyí fún?”

“Tèmi lè dúró di September. Màmá ń bọ̀. Kò yẹ kí Màmá wá bá iwájú ilé ọmọ wọn báyìí.”

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún un, koríko míì ni mo nawọ́ sí. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, iwájú ilé mi ti tutù yọ̀yọ̀. Mísì Loretta jáde, ó pàtẹ́wọ́. Dèjì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn, ó sì tẹríba fún un. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo tún jowú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo jowú inú rere rẹ̀.

Màmá dé ní ìparí oṣù náà. Mo ti fi ọjọ́ mẹ́ta gé koríko, mo ti gbá etí rẹ̀, mo ti bomi rin ín. Mo ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún un. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé gèlè rẹ̀ gún, ó wo iwájú ilé mi láti òkè dé ilẹ̀.

“Àlàó,” ó ní, “ṣé iṣẹ́ ò jẹ́ kó o ráyè ro iwájú ilé ni?”

Ìyàwó mi sá wọlé kó lè rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, Màmá bi mí níbi tí ọkọ́ wà. Mo ní a ò ní ọkọ́. Mo ti gbé e pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Kò sọ pé òun ò lọ sílé Dèjì mọ́. Lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, a kó mọ́ínmọ́ín àti ìrẹsì lọ sí Mitchellville. A kò ju bí èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa nìkan. Dèjì ti to àga sórí koríko. Màmá gbé ẹsẹ̀ kan lé e, ó gbé e kúrò kíá.

“Háà! Koríko náà ni lóòótọ́!”

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ejò ńkọ́?”

“Kò séjò níbẹ̀, Màmá,” Dèjì ní.

“Ta ló sọ fún ọ? Ejò ni?” Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó ń wò yíká. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí ilẹ̀ àárín yẹn, ibi tí igi ti wó, tí kò sí ewé kan lórí rẹ̀. Ó rìn lọ síbẹ̀ tààrà. “Ẹ gbé àga mi wá síbí. Ibí nìkan ló mọ́.”

Wọ́n gbé e lọ. Ìyá mi jókòó sórí ilẹ̀ tí mo fi owú pa, ó na ẹsẹ̀, ara tù ú. Ó fi bàtà ra iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ díẹ̀.

“Ta ló bá ọ tọ́jú ibí?”

“Bọ̀ọ̀dá ni, Màmá,” Dèjì dáhùn jẹ́jẹ́. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. “Àwọn ni mo fi í lé lọ́wọ́ nígbà tí mo rìnrìn àjò.”

Inú Màmá dùn. Ó gbé ọwọ́ sókè, gbogbo èèyàn sì dìde, nítorí a mọ̀ pé àdúrà ló kàn.

“Ẹni tó bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù. Àlàó, bó o ṣe tọ́jú ilẹ̀ àbúrò rẹ nígbà tí kò sí nílé, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Ọlọ́run á ṣe tọ́jú tìrẹ.”

Wọ́n ní, “Àmín!”

“Ọwọ́ tó o fi bomi rin ín, irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á fi gba àwọn ọmọ rẹ mọ́ra lẹ́yìn odi.”

“Àmín!”

Àdúrà ìyá kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń gbà lásán. Ẹni tó bá ṣe àmín sí i ti tọwọ́ bọ̀wé. Ẹnu mi kò là. Màmá ti fẹ́ máa bá a lọ, ó wá dúró.

“Àlàó, ìwọ ni mò ń wúre fún. O ò ṣàmín?”

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ìyàwó mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

“Màmá, ẹ dúró ná,” mo ní. “Mi ò bomi rin ín. Ó ti hù. Èmi ni mo wò ó títí tó fi gbẹ. Mo jowú ni.”

Mo wo Dèjì. Mo rò pé ẹnu á yà á, ẹnu kò yà á. Ó kàn gbójú sókè wo ẹnu ọ̀nà rẹ̀, níbi tí bẹ́ẹ̀lì olójú búlúù yẹn wà, ó sì wolẹ̀. Mo tẹ̀ lé ojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀lì náà dojú kọ títì tààrà, ibi tí mo ń páàkì sí. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo jókòó sínú ọkọ̀, Dèjì ń wò mí lórí fóònù rẹ̀ láti Texas. Ó ti mọ̀ kó tó sọ pé ẹ ṣeun, bọ̀ọ̀dá. Ó ti mọ̀ kó tó kúnlẹ̀ níwájú ilé mi.

Ìyá mi kò pariwo. Ó wò mí bó ṣe máa ń wò mí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje.

“Ṣé omi wà níbí?”

“Ó wà, Màmá.”

“Lọ bu omi sí i.”

“Màmá, àsìkò ti kọjá. Kò lè hù mọ́ báyìí.”

“Ṣé mo ní kó hù ni?”

Mo lọ fa rọ́bà omi. Màmá bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó kó ìró rẹ̀ jọ sórí orúnkún, kò sì dìde lórí àga. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo dorí rọ́bà kọ ilẹ̀. Kò sí omi tó jáde. Mo bojú wẹ̀yìn. Dèjì ti wà nídìí ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ síbi ẹ̀rọ omi, ó ń yí i.

“Ó ti ń bọ̀, bọ̀ọ̀dá,” ó ní. “Ẹ dì í mú.”